Àmín Tó Ń Pẹ́ Dé

Ọ̀rọ̀ ògiri tó fẹ́ wó ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Mọ́gàjí ṣe àmín sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ló dìde láàárín ìpàdé ẹbí, tó ní òjò ti jẹ ògiri ẹ̀yìn yàrá òun débi pé bí wọn ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, yóò wó lu òun àti àwọn ọmọ òun. Kò tíì jókòó tán tí Bàbá fi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tí wọ́n sì fi ohùn àgbà pariwo pé, "Àmín! Àmín o! Ọlọ́run yóò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ni ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rín in, àwọn àgbà gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Obìnrin tó ni ògiri pàápàá fi ìborùn bo ẹnu. Èmi tí mo jókòó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù, àbúrò Bàbá, ti gbàdúrà fún ilé kí obìnrin náà tó dìde. Àdúrà yẹn ni Bàbá ń ṣe àmín sí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Agboolé wọn wà lẹ́yìn Ọjà'ba, níbi tí ilé ti fara ti ilé títí dé ẹsẹ̀ òkè Mápó. Láti ìgbà èwe ni Bàbá ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti ẹ̀wà fún àwọn ará ọjà. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ náà ń dún, ariwo rẹ̀ ló sì jẹ etí wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n di mọ́gàjí, ìyẹn olórí ìdílé nílẹ̀ Ìbàdàn, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìjà tọkọtaya àti ẹjọ́ ogún ń wá síwájú wọn, etí kan ló ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyẹn náà fi dákẹ́. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun wá fi tábúlẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́. Wọ́n á gbé ohun kékeré kan tó ń gba ohùn sórí tábìlì, wọ́n á gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú Bàbá, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ á sì jáde ní kíkọ lójú rẹ̀ lédè Yorùbá. Bàbá mọ̀wé kà dáadáa. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ń pẹ́ kó tó jáde, ìyẹn ni wọ́n sì torí ẹ̀ pè mí.

Ìdádúró ni àwa tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń pè é: àkókò tó wà láàárín ìgbà tí nǹkan kúrò níbi kan àti ìgbà tí èsì rẹ̀ dé. Ẹni tó ń wo fíìmù lórí fóònù lè má mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìkíni ní ìdáhùn tirẹ̀, àdúrà ní àmín tirẹ̀, ẹni tí a bá kí tí kò tètè dáhùn, a máa ń sọ pé ó ń gbéra ga ni tàbí pé inú ń bí i. Àlejò á wọlé, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá." Bàbá á máa wò ó. Ó ti dìde, ó ti jókòó, ó ti ń sọ ohun tó bá wá, kí Bàbá tó ní, "Ẹ káàbọ̀, ṣé àlàáfíà ni?" Àwọn àna kan tiẹ̀ fi ìbínú gba ilé wọn lọ, wọ́n ní Mọ́gàjí ò ka àwọn sí.

Lọ́jọ́ ògiri yẹn, mo ń wo ojú Bàbá. Wọ́n rí ẹ̀rín àwọn èèyàn kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀, àwọn náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó gbà pé nǹkan dídùn ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn jáde lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Bàbá kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sì dojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà dé orí tábìlì. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìpàdé fi parí. Ó dùn mí wọra.

Bọ̀ọ̀dá Gàníyù bá mi níta nígbà tí mò ń kó irinṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹni tó ń wá ipò ẹ̀gbọ́n wọn.

"Rónkẹ́," wọ́n ní, "mi ò lè máa wò kí wọ́n máa fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. A ti sọ ọ́ láàárín ara wa. Bí nǹkan ò bá yí padà títí di ìpàdé ẹ̀yìn Iléyá, èmi ni n óò máa bá wọn darí ìpàdé, n óò sì máa bá wọn dá ẹjọ́. Àwọn á kàn máa jókòó, ká máa kí wọn."

"Ṣé Bàbá mọ̀, sà?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní ká ṣe é bó bá ṣe wù wá."

Alhaja, ìyàwó Bàbá, dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú agbọ̀n ife lọ́wọ́. Wọ́n gbé agbọ̀n náà sílẹ̀. "Ọmọ mi," wọ́n sọ fún mi, "etí ti lọ, ẹ̀rọ ata ti lọ. Bí wọ́n bá tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ mi, kí ló kù tí wọ́n máa jí ṣe láàárọ̀?"

Mo kàn sọ pé n óò gbìyànjú.

Òkè Padre ni wọ́n bí mi sí, ọmọ tíṣà ni mí, ìjọ Áńgílíkà ni gbogbo ilé wa. Bàbá mi fẹ́ kí n ṣe tíṣà bíi tiwọn. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí mo ní iṣẹ́ okùn àti ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, ni mo fẹ́ ṣe, wọ́n béèrè bóyá mo fẹ́ máa gun òrùlé olórùlé kiri ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òrùlé tí mo ti gùn láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, mi ò lè kà á tán.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Múfú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Bẹẹrẹ. Ọmọ agboolé àtijọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí gidi. Wọ́n ti tún rédíò ṣe, wọ́n ti tún fóònù ṣe, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n kọ́ ìyẹn náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ bàtà gogoro lọ, mo kó ìwé ẹ̀rí mi sínú fáìlì. Ọ̀gá ò wo ìwé ẹ̀rí. Bàtà ni wọ́n ń wò.

"Àǹtí, ṣé bàtà yìí lẹ fẹ́ fi gun àkàbà?"

"Mo rò pé inú ọ́fíìsì ni, sà."

"Orí òrùlé ni ọ́fíìsì wa wà."

Wọ́n bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ wọn fún mi. Ó tóbi jù fún mi, mo fi okùn dì í mọ́ ẹsẹ̀, mo sì gun òrùlé kìíní mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọ̀gá ló di àkàbà mú nísàlẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn dì í mú.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó gbé mi débi tí mo dé ni pé kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí n kọ́kọ́ jókòó ti oníbàárà, kí n wo ohun tó ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ní Òjé pè wá nígbà kan pé íńtánẹ́ẹ̀tì òun máa ń lọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Mo ti fẹ́ máa tú ráútà palẹ̀. Ọ̀gá ní kí n jókòó. Nígbà tí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ kọ́ sórí okùn tó lọ sí ráútà, kí àwọn èèyàn lè rí i dáadáa. Okùn tẹ̀, ó tẹ̀, ó sì yọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. A bá ìyá náà ta okùn ìsáṣọ tuntun, iṣẹ́ parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ní ìpàdé ẹbí àwọn Bàbá Mọ́gàjí, nítorí ẹni tó bá wo tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan á ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo gun òrùlé, mo yí éríà kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa. Mo gba ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún wọn. Fíìmù tí àwọn ọmọ ilé ń wò bẹ̀rẹ̀ sí í já geere, wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n àmín Bàbá kò yára. A ní bí a ṣe ń wọn ìdádúró: a ó ju ọ̀rọ̀ bíńtín kan sí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún, a ó sì dúró kó dá a padà, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ń retí kí wọ́n ní "Ta nìyẹn?" Mo kàn án, mo tún un kàn, èsì ń pẹ́ bákan náà. Bí wọ́n tilẹ̀ fẹ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ju bó ṣe wà lọ, Èkó ò ní tìtorí ẹ̀ sún mọ́ Ìbàdàn.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí n ya ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà fún àwọn. Mo mú páálí, mo yà á: láti orí tábìlì Bàbá sí ráútà tó wà nínú yàrá, láti ibẹ̀ sí éríà lórí òrùlé, sí òpó, sí Èkó, sí abẹ́ òkun, sí kọ̀ǹpútà ńlá kan nílẹ̀ òyìnbó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohùn di ìwé. Lẹ́yìn náà, á tún gba gbogbo ọ̀nà yẹn padà. Bí èèyàn mẹ́ta bá sọ̀rọ̀ tẹ̀léra, tìkẹta á dúró de tìkejì, ìdádúró á máa gorí ìdádúró.

Ọ̀gá fi ìka tọ ọ̀nà náà lórí páálí. "Ẹni tó wà ní Ọjà'ba ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wá kọ́kọ́ ré òkun kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí mò ń rò ni pé ká jẹ́ kí ráútà ṣe iṣẹ́ yẹn níbi tó wà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Àmọ́ èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn ò lọ́pọlọ. Ó kàn ń gbà á lọ́tùn-ún, ó ń fi fún tòsì ni."

Ọ̀gá dìde, wọ́n wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé páálí kan jáde tí eruku ti bò. Ráútà ni, ó wúwo, ó ní irin bí eyín òòyà lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kan ló ní kí wọ́n bá òun wá a, àmọ́ ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé kó tó dé. Ráútà onílàákàyè ni Ọ̀gá ń pè é, nítorí pé ó lè ṣírò, ó lè ronú, kò mọ sí kó kàn gbé ọ̀rọ̀ kọjá.

"Mú un lọ fún wọn," wọ́n ní.

"Ọ̀gá, ráútà ńlá bí èyí?"

"Ọ̀dọ̀ Bàbá yẹn ni ìyá mi máa ń rán mi lọ lọ ata. Kò sígbà kan tí wọ́n jẹ́ kí ọmọdé dúró pẹ́ lórí ìlà. Àwa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Mú un lọ."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Títí dòní, bí mo bá rántí, mo tún máa ń dúpẹ́.

Ó wá ku ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ ohùn di ìwé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, Títílayọ̀, ń ṣe irú rẹ̀ lédè Yorùbá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Nínú ráútà kẹ̀? Rónkẹ́, kò ní gbà á." A jọ jókòó, a gé e kù. Ètò náà mọ orúkọ ìlú òyìnbó, ó mọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ó mọ ọ̀rọ̀ báǹkì. A yọ gbogbo ìyẹn kúrò, a fi ọ̀rọ̀ ilé, ilẹ̀, ogún, àna àti àdúrà sílẹ̀, títí tó fi wọ inú ráútà. Títílayọ̀ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní òun náà ní bàbá.

Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ohùn àwọn ará ilé, nítorí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ń yára, ó sì máa ń gé ara rẹ̀ kúrú. Mo ní kí gbogbo agboolé wá bá a sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ yẹn pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin sí i. Ọkùnrin kan fi ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sùn ún. Ìyá arúgbó kan kí i pé, "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́?" wọ́n sì dúró. Nígbà tí èsì ò wá, wọ́n yíjú sí mi. "Èyí tí o gbé wá yìí, wọn ò kọ́ ọ ní ìkíni." Bọ̀ọ̀dá Gàníyù náà wá, àwọn ló sì sọ̀rọ̀ pẹ́ jù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó mọ ohùn àwọn dáadáa, torí ẹ̀gbọ́n àwọn ò tíì gbọ́ ohùn àwọn láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò, mo jókòó síwájú Bàbá. "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá."

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

Mi ò tíì pa ẹnu dé dáadáa! Alhaja tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pa àtẹ́wọ́. Bàbá wo tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo tábúlẹ́ẹ̀tì.

"Ibo ni ọ̀rọ̀ ń gbà báyìí?"

"Kò lọ síbì kankan mọ́, Bàbá. Inú yàrá yín ló ti ń parí."

"Ṣé gbogbo ẹjọ́ ilé tí mo ti ń dá, òkè òkun ló ń lọ?"

"Ó máa ń débẹ̀, Bàbá, kó tó padà."

Wọ́n mi orí pẹ́. "Kò dáa tẹ́lẹ̀," wọ́n ní. "Báyìí ló dáa." Mo rò pé ohun tó dùn mọ́ wọn nínú jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ẹbí kò jáde nílé mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé ẹ̀yìn Iléyá pé. Pálọ̀ kún fọ́fọ́, àwọn kan dúró sí ojú fèrèsé. Iná ti lọ, ìńfátà ló gbé ráútà àti tábúlẹ́ẹ̀tì, fáànù ò yí, ooru mú. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí ìpàdé náà dá lé lórí, bí wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́. Bàbá wọ fìlà tuntun. Àwọn àlejò kí wọn, wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀, mo sì rí i tí àwọn àgbà ń wo ara wọn. Ọkàn mi balẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi yí padà. Ẹnì kan sọ̀rọ̀, Bàbá pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, wọ́n pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ dúró lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Bàbá gbójú sókè, wọ́n wá mi láàárín èrò. Mi ò jẹ́ gbàgbé ojú yẹn láéláé. Wọn ò bínú sí mi. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí.

Mo sá wọ yàrá, Alhaja tẹ̀ lé mi. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbé ráútà sí. Mi ò rí ráútà. Aṣọ funfun kan ni mo rí, tí wọ́n fọwọ́ hun, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń fi bo tẹlifíṣọ̀n àti rédíò. Ó ní òdòdó létí, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, ó le gbagidi. Ó bo ráútà náà látòkè délẹ̀, wọ́n wá gbé òdòdó oníke kan lé e lórí.

"Alhaja, ta ló bò ó?"

"Èmi ni. Àná ni mo hun ún tán." Wọ́n rí ojú mi. "Ṣé ó burú ni? Òun ló ń bá ọkọ mi gbọ́rọ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ níhòhò kí eruku máa bà lé e ni?"

Mo ká aṣọ náà. Ráútà gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ti àtijọ́, aṣọ ti wà lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kò sì ṣe é ní nǹkan kan, nítorí kò ṣe ju kó gba ọ̀rọ̀ kó tún fi ránṣẹ́ lọ. Èyí tó ń ronú ń ṣiṣẹ́ agbára, ó sì gbọ́dọ̀ rí atẹ́gùn. Nígbà tí ooru pa á, ó dín eré kù, kó tó wá dákẹ́ pátápátá. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Alhaja nìyẹn, ní ṣókí. Ta ló lè bínú sí wọn? Ìdúpẹ́ ni wọ́n fi aṣọ yẹn ṣe.

Wọn ò dúró bẹ̀bẹ̀. Wọ́n mú abẹ̀bẹ̀, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ráútà náà.

"Ṣé bó ṣe yẹ kí n fẹ́ ẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má dáwọ́ dúró."

Mo pa á, mo tún un tàn. Irú ráútà bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jí. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yàrá, mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Gàníyù dìde ní pálọ̀, tí wọ́n wú ikọ́. Ohùn wọn wúwo. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣe sùúrù fún wa. Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí. Ní ti ògiri ẹ̀yìn, ohun tí mo rò ni pé ká wó o, kí oníkálukú tún tirẹ̀ mọ, kí ẹni tó bá ní lọ́wọ́ kọ́kọ́..."

Iná aláwọ̀ ewé ti tàn lára ráútà kí wọ́n tó dé ibi ọ̀rọ̀ ògiri. Alhaja ń fẹ́ ẹ, òógùn ń ṣàn lójú wọn.

"Gàníyù, dúró níbẹ̀!"

Ohùn Bàbá ni. Mo fa kọ́tìnì. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà lẹ́nu.

"Kò sí oníkálukú nínú ọ̀rọ̀ ògiri yẹn," Bàbá ní. "Bàbá wa ló mọ ọ́n fún gbogbo ilé, gbogbo ilé ló máa tún un mọ. Kí obìnrin yẹn àti àwọn ọmọ ẹ̀ kó wá sí yàrá iwájú lónìí, kí òjò má ká wọn mọ́bẹ̀. O gbọ́?"

Bọ̀ọ̀dá Gàníyù wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n wo àwọn ará ilé, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi!" wọ́n kígbe. "Ẹ ò rí i ni? Wọ́n já a gbà lẹ́nu mi!" Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, agbádá Iléyá wọn ká wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n lọ jókòó sí àárín àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé kí wọ́n gba ìpàdé darí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn mọ́, láti ọjọ́ náà títí di òní. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, ojú ò tì mí láti sọ ọ́.

Ọ̀gá Múfú ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹsẹ̀ wọn ò gba àkàbà mọ́, èmi ni mò ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ. A ti gbé irú ráútà yẹn sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Yemẹtu àti sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò mélòó kan, níbikíbi tí kò bá ti yẹ kí èsì rìnrìn àjò kó tó dé. Ibi yòówù tí mo bá gbé e sí, mo máa ń bẹ ìyá ilé pé kó má wọṣọ fún un. Wọ́n máa ń rò pé àwàdà ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Títílayọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi tí wọ́n padà wá ń sọ fún àwọn èèyàn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn ló ń gun òrùlé.

Àmọ́ bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe, kì í ṣe ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Gàníyù dọ̀bálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé ni.

Àwọn èèyàn ti lọ. Iná ti dé, fáànù ti ń fẹ́ ráútà. Alhaja jáde wá sí pálọ̀, wọ́n ń fọwọ́ ra èjìká tó ti ń ro wọ́n, wọ́n sì ń ṣa ife nílẹ̀. Láti ìgbà tí etí Bàbá ti lọ, ó ti mọ́ wọn lára láti máa kùn lẹ́yìn ọkọ wọn, kí wọ́n sọ ohun tó bá wà nínú wọn jáde, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́. Wọ́n kẹ́yìn sí Bàbá, wọ́n sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. "Ẹjọ́ láti àárọ̀, wọn ò jẹun. Tí òòyì bá gbé wọn báyìí, wọ́n á ní èmi ni."

"Ta ni òòyì fẹ́ gbé?" Bàbá bi wọ́n.

Alhaja dúró gbagidi pẹ̀lú ife lọ́wọ́. "Mi ò sọ nǹkan kan."

"O sọ ọ́. Òun nìyí. Ta ló fẹ́ jẹ ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ bíi tàná?"

"Iyọ̀ wo? Èmi ni mo bu iyọ̀ sí i ni?"

"Àbí èmi ni mo sè é?"

Mo rò pé mo ti dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé tó ti tòrò. Mo na ọwọ́ sí ohun tó ń gba ohùn lórí tábìlì láti pa á. Alhaja gbá ọwọ́ mi mú. Omijé ti kún ojú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Fi sílẹ̀, Rónkẹ́," wọ́n ní. "Má pa á. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bá mi jà kẹ́yìn."

Wọ́n nu ojú, wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n sì kọjú sí ọkọ wọn. "Ẹ̀yin ni mo ń bá wí! Mo ní iyọ̀ wo?"

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá ti fèsì.